Àbọ̀ Bíríkì

Bíríkì ló kọ́kọ́ wà láàárín wọn kí ọ̀rọ̀ tó dé. Ọkùnrin náà wà lórí ọkọ̀ akẹ́rù, obìnrin náà wà nílẹ̀. Ọkùnrin náà ju bíríkì àkọ́kọ́, ó ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Obìnrin náà hán an. Ó ju ìkejì, ó tún ní, "Pẹ̀lẹ́ o." Títí ọkọ̀ fi ṣófo, kò yọ pẹ̀lẹ́ kan sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, gbogbo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní àgbàlá bíríkì ti sọ ọ́ ní Pẹ̀lẹ́.

Obìnrin náà ti ní ìnagijẹ tirẹ̀ tipẹ́. Kìítàsé ni wọ́n ń pè é, torí láti ọdún mẹ́fà tó ti ń hán bíríkì níbẹ̀, ọ̀kan ò bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí. Opó ni, ó ti lé lógójì ọdún dáadáa, ó sì máa ń bẹ̀rù púpọ̀. Ẹ̀rù ọ̀gá ń bà á, ẹ̀rù ẹni tó bá wo ojú rẹ̀ pẹ́ jù náà ń bà á. Ojú òsì rẹ̀ ò ríran mọ́. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó wà nílé ọkọ nìkan ló mọ̀. Bí ọ̀gá bá gbọ́, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn.

Báwo ló wá ṣe ń fi ojú kan hán bíríkì? Kò lè ṣàlàyé rẹ̀ bíi ti ọ̀mọ̀wé. Ohun tó mọ̀ ni pé bíríkì ò lẹ́tàn, ọ̀kan ò tóbi ju ìkejì lọ. Bó bá ṣe ń tóbi sí i lójú rẹ̀ ló ṣe ń sún mọ́ ọn. Ohun tó bá sì lọ sókè, ilẹ̀ á pè é padà, bó ṣe pè é lánàá náà ni yóò ṣe pè é lónìí. Á wo ibi tó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó jù ú, á wo ibi tó ti yí orí padà wálẹ̀. Ìyókù dọwọ́ ọwọ́.

Jíjù ti Pẹ̀lẹ́ sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, kì í ga lónìí kó rẹlẹ̀ lọ́la. Ó sọ fún ọmọ rẹ̀ lórí fóònù pé ọkùnrin kan dé tó ń ju bíríkì bí ẹni ń gbé ọmọ fúnni. Ọmọ rẹ́rìn-ín, ó ní kí ìyá òun rọra, kì í ṣe bíríkì nìkan ló ń bọ̀ yẹn.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà lọ́sàn-án. Pẹ̀lẹ́ sọ fún un pé ìyàwó òun ti kú, pé ẹ̀gbọ́n òun obìnrin ló tọ́jú olóògbé títí ẹ̀mí fi bọ́, ẹ̀gbọ́n sì ti búra pé òun ò tún tọ́jú aláìsàn fún un mọ́. Kìítàsé gbọ́, ó gbójú sílẹ̀.

Ó di ọjọ́ kan, àbọ̀ bíríkì kan wà láàárín àwọn odindi. Pẹ̀lẹ́ ò fiyè sí i, ó jù ú. Ó kéré lójú Kìítàsé, ó sì rò pé ó ṣì jìnnà. Kó tó gbọ́wọ́ sókè, ó ti bà á léjìká.

Kò ké. Pẹ̀lẹ́ bẹ́ sílẹ̀, ó wo àbọ̀ bíríkì yẹn, ó wo ojú ọ̀tún obìnrin náà, ó wo ti òsì. Ó gun ọkọ̀ padà.

Láti ọjọ́ náà ló ti ń ṣa àwọn àbọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ọ̀kan bá sì yọ́ wọ ọwọ́ rẹ̀, á kọ́kọ́ pè é jáde: "Àbọ̀!" Kìítàsé á tètè gbọ́wọ́ sókè. Ọ̀gá béèrè ohun tó fẹ́ fi òkìtì àbọ̀ ṣe. Ó ní ilé alángbá lòun fẹ́ kọ́.

Kìítàsé mọ̀ pé Pẹ̀lẹ́ ti mọ̀. Ó ń retí ọjọ́ tí ọ̀gá yóò pè é. Ọ̀sẹ̀ kan lọ, ìkejì lọ, ọ̀gá ò pè é. Pẹ̀lẹ́ ló pè é.

"Àyànfẹ́ mi, mo fẹ́ fi ọ́ ṣaya. Ohun tí mo rí, mo ti rí i. Mo ṣì fẹ́ ọ."

"Kí... kí lẹ rí?"

"Tìrẹ ni láti sọ. Jẹ́ ká lọ rí ẹ̀gbọ́n mi. Òun ló tọ́ mi, mi ò lè gbéyàwó lẹ́yìn rẹ̀."

Ọmọ Kìítàsé ní kí ìyá òun pa ẹnu mọ́ títí ìgbéyàwó yóò fi kọjá. Ó ní ta ló ń kó àléébù ara rẹ̀ lọ sílé àna?

Aránṣọ ni ẹ̀gbọ́n náà. Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ló jókòó sí nígbà tí wọ́n dé, òwú tín-ín-rín wà lára aṣọ rẹ̀. Ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, ó béèrè ọkọ tó ti kú. Gbogbo ìdáhùn tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní kí ìyàwó lọ ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, kó mú ohun mímu jáde, ló bá mú ìdì kọ́kọ́rọ́ kékeré kan lórí tábìlì.

"Àbúrò mi ní ọwọ́ rẹ kì í tàsé," ó ní, ó sì jù ú.

"Àbọ̀!" ni Pẹ̀lẹ́ pè látẹ̀yìn.

Ọwọ́ Kìítàsé ti lọ sókè kó tó ronú. Kọ́kọ́rọ́ bọ́ sí i látẹ́lẹwọ́.

Ẹ̀gbọ́n rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà sì dá dúró. "Kí ló ń jẹ́ àbọ̀?"

Pẹ̀lẹ́ ní èdè ibi iṣẹ́ ni. Ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Kìítàsé wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó rò ó pé bí òun bá dákẹ́ lónìí, gbogbo ọjọ́ ayé òun lòun yóò máa fojú wá ibi tí àbọ̀ mìíràn yóò ti fò wá.

"Ẹ̀gbọ́n, ojú mi ni. Ti òsì. Kò ríran. Ó ti ń lọ sí ọdún méje. Mi ò... mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni àfi ọmọ mi."

Ẹ̀gbọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ.

"Ìyàwó àbúrò mi tó kú, odidi ọdún kan ló fi kókó tó yọ sí i lọ́mú pamọ́ fún wa. Ó ní a ó sá fún òun. Nígbà tá a máa fi gbọ́, ọwọ́ dókítà ò ká a mọ́. Àwọn èèyàn rò pé ìtọ́jú ló sú mi. Ìpamọ́ yẹn ló sú mi." Ó wo Kìítàsé. "Dókítà ti rí ojú náà?"

"Rárá, mà. Ẹ̀rù ń bà mí."

"Èmi náà ń bẹ̀rù wọn. Lọ́jọ́ Ajé, a jọ ń lọ."

Dókítà ní ti òsì ti lọ pátápátá, àrùn tó fọ́ ọ sì ti ń yọ́ bọ̀ lójú ọ̀tún, ṣùgbọ́n oògùn kíkán sí i yóò dá a dúró. Kìítàsé fẹnu ara rẹ̀ sọ fún ọ̀gá. Ọ̀gá kùn, ó sì gbé e lọ sídìí títo bíríkì.

Lóṣù kẹta lẹ́yìn náà, wọ́n fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó. Ọmọ rẹ̀ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ ni ẹlẹ́rìí. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ilẹ̀kùn, Pẹ̀lẹ́ yọ kọ́kọ́rọ́ ilé. Kìítàsé sún sẹ́yìn, ó gbọ́wọ́ sókè bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe.

Pẹ̀lẹ́ ò jù ú. Ó rìn lọ bá a, ó fi kọ́kọ́rọ́ náà sí i látẹ́lẹwọ́, ó sì pa ọwọ́ tirẹ̀ dé e.

"Eléyìí," ó ní, "kò ní kúrò lọ́wọ́ mi kó tó dé ọwọ́ rẹ."