Bíárìn Tí Kò Gbóná Mọ́

Ohun tó kọ́kọ́ ba Ikúmápàyí lẹ́rù ni pé bíárìn náà tutù.

Ẹ̀rọ búlọ́ọ̀kù tó wà létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, kì í ṣe ẹ̀rọ jẹ́jẹ́ rárá. Bó bá ń gbọ̀n kí yanrìn àti sìmẹ́ńtì lè wọnú ara wọn, ilẹ̀ á máa mì títí dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń yan ẹja. Bíárìn rẹ̀, irin roboto tí ọ̀pá ẹ̀rọ ń yí nínú rẹ̀, kì í lò ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ kó tó jóná. Iṣẹ́ Ikúmápàyí ni láti máa fi gírísì bọ́ ọ, kó sì máa fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án wò. Ọdún tí sọ́jà gbé ìjọba fún alágbádá ni; gbogbo ayé ń kọ́lé, ọ̀gá ò sì fẹ́ gbọ́ pé ẹ̀rọ dúró.

Lọ́sàn-án gangan ni ọkùnrin kan rìn jáde látinú ọ̀sà, ẹsẹ̀ rẹ̀ gbẹ táútáú. Ó gbé agolo gírísì kan lé Ikúmápàyí lọ́wọ́.

"Fi èyí sí i. Kò ní gbóná mọ́."

"Ẹ ṣeun, sà. Ooru ẹ̀ wá ńkọ́?" Ikúmápàyí fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọkùnrin náà ò rẹ́rìn-ín. "Á ríbi lọ."

Ó fi í sí i. Ẹ̀rọ tó ń ké bí ẹni tí wọ́n ń pa dákẹ́ wẹ́lo, ó sì ń gbọ̀n lọ. Ikúmápàyí fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan bíárìn, ó sì yára fà á padà: ó tutù bí omi àmù. Lazarus, tó ń wa ẹ̀rọ náà, ń jó. "Ọ̀rẹ́ mi, o ti gbà mí! Etí mi ti fẹ́ di."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni wọ́n bá ibà lára Ànúolúwapọ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí Ikúmápàyí bí. Oògùn ò ràn án. Lọ́jọ́ kẹrin, ìyàwó rẹ̀, Fadékẹ́, ránṣẹ́ pè é.

"Bàbá Ànú, ẹ gbà mí o! Tí ẹ̀rọ yín bá dúró, ara ẹ̀ á tutù. Tí ẹ bá tún ti tan án, ibà tún dé nìyẹn."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan iwájú orí ọmọ. Yéè! Ó gbóná janjan, ó sì ń gbọ̀n. Ikúmápàyí mọ gbígbọ̀n yẹn. Ọdún mẹ́fà ló ti fi ọwọ́ kàn án lójoojúmọ́.

Kò mọ bó ṣe sáré dé ibi iṣẹ́. Ó ní kí Lazarus pa ẹ̀rọ, ó tú bíárìn, ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ títí ó fi ń dán, ó wá fi gírísì àtijọ́ sí i. Nígbà tí wọ́n tan án, ó han gooro, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Ikúmápàyí fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún ayọ̀. Ó tún sáré padà sílé.

Ọmọ ti jókòó, ó ń mu ẹ̀kọ. Ara rẹ̀ tutù dáadáa. Fadékẹ́ ń dúpẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Igbe ẹ̀rọ ń wọlé látojú fèrèsé. Ikúmápàyí ò tíì gbọ́ ohun tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lójijì, igbe náà dáwọ́ dúró.

Ó rò pé wọ́n ti pa ẹ̀rọ ni. Àmọ́ ilẹ̀ ṣì ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ìgbà yẹn ló rántí agolo gírísì ọkùnrin ọ̀sà náà, tó gbàgbé sórí búlọ́ọ̀kù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lazarus.

Ànúolúwapọ̀ gbé ife ẹ̀kọ sílẹ̀.

"Bàbá mi," ló wí, "ooru tún ń mú mi."