Ẹ Má Pè Mí ní Dókítà

Kí Ọpẹ́olúwa tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni nínú yàrá ìtọ́jú rẹ̀ ní Mówé, yóò kọ́kọ́ sọ ohun tó kọ́ àti ohun tí kò kọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe fún Mọ́nsúrù, jórinjórin kan láti Ìbàfò, tí ẹ̀yìn ń dùn.

"Ẹ jókòó ná, bọ̀dá. Èmi kì í ṣe dókítà o. Títọ́jú eegun àti iṣan ara ni mo kọ́, kò sì tíì pẹ́ tí mo dá dúró. N kì í fúnni lóògùn. Ohun tó bá ju agbára mi lọ, ọsibítù ni màá ní kí ẹ gbé e lọ."

Mọ́nsúrù tẹjú mọ́ ọn. "Àǹtí, ṣé ẹ fẹ́ tọ́jú mi ni, àbí ẹ ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ mi?"

Kò fẹ́ rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ̀yìn san, Mọ́nsúrù kò yéé wá. "Ọpẹ́ mi," ló máa ń wí, "òótọ́ ẹnu rẹ ló mú mi." Ọpẹ́olúwa gbà á gbọ́. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dọ́kàn.

Nígbà tó yá, Mọ́nsúrù mú un lọ kí àwọn òbí rẹ̀ ní Ìfọ̀. Rọpárọsẹ̀ ti mú bàbá rẹ̀, Alhaji Láwàl, lápá kan.

"Ìyàwó wa dókítà, káàbọ̀!" ni ìyá rẹ̀ fi pàdé wọn.

Ọpẹ́olúwa kúnlẹ̀, ó wo Mọ́nsúrù. Mọ́nsúrù ń wo àjà.

Inú Alhaji dùn. "Látìgbà tí ọmọ mi ti sọ pé dókítà ń bọ̀ wá sílé wa, mo ti pa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n fún mi tì. Ìwọ ni mo ń retí. Orí sì ń fọ́ mi burúkú."

Ọpẹ́olúwa dìde. Ó fa Mọ́nsúrù jáde sẹ́yìnkùlé.

"Ta ló ní dókítà ni mí?"

"Ọpẹ́ mi, rọra. Màmá ò fẹ́ Kìrìsìtẹ́nì. Ìgbà tí mo ní dókítà ni ẹ́ ló tó ní kí n mú ẹ wá. Ìfẹ́ ló fà á."

"Ìfẹ́ wo? Irọ́ tí o fi ń fẹ́ mi, òun ni wọn óò fi sin bàbá rẹ! Wọlé. Ìwọ lo fi mí joyè, ìwọ ni wàá fẹnu ara rẹ rọ̀ mí lóyè."

"Tí wọ́n bá kọ̀ ẹ́ ńkọ́?"

"Kí wọ́n kọ̀ mí! Ẹni tí wọ́n gbà yẹn, n kò mọ̀ ọ́n rí."

Mọ́nsúrù wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú àwọn òbí rẹ̀, ó jẹ́wọ́.

"Háà!" Ìyá rẹ̀ lu àtẹ́lẹwọ́. "O mú Kìrìsìtẹ́nì wálé, irọ́ lo tún fi ṣe ẹrù ìyàwó!"

Ọpẹ́olúwa kúnlẹ̀. Gbogbo ohun tó kọ́ àti èyí tí kò kọ́, ó kà á fún wọn. "Ẹ̀jẹ̀ ríru ju agbára mi lọ, mà. Ẹ jẹ́ ká gbé Bàbá lọ sọ́sibítù kíá."

"Ẹ bá mi mú fìlà mi," ni Alhaji wí. Kò bojú wo ọmọ rẹ̀.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì tó wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ figbe ta. Wọ́n dá a dúró síbẹ̀.

Ìyá Mọ́nsúrù jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, ó dijú mọ́rí. Ó pẹ́ kó tó sún díẹ̀ fún Ọpẹ́olúwa. "Jókòó. Apá rẹ̀ tó rọ yẹn, ṣé ìyẹn náà jù ọ́ lọ?"

"Rárá, mà. Ìyẹn ni iṣẹ́ tí mo kọ́."

"Tí wọ́n bá ti dá a sílẹ̀, kí o máa wá tọ́jú rẹ̀."

Mọ́nsúrù gbé omi tutù dé. Ọpẹ́olúwa gbà á, kò wojú rẹ̀.

"Ọpẹ́ mi, ṣé wàá ṣì fẹ́ mi?"

"Màá fẹ́ ọ. Ṣùgbọ́n inú ń bí mi. Má bá mi sọ̀rọ̀ lónìí."

Mọ́nsúrù jókòó tì í, ó sì panu mọ́.