Ewé Ìwé Tí Múdàṣírù Kò Là

Èyí kì í ṣe àpárá. Ká ní àpárá ni, ìparí rẹ̀ ìbá dùn, à bá sì ti mọ ẹni tí a ó fi rẹ́rìn-ín. Ó ṣẹlẹ̀ ní Pobè, ní ilẹ̀ Yorùbá tó wà lábẹ́ ìjọba Faransé, nínú yàrá ìwé tó wà ní oko ìwádìí ọ̀pẹ, lọ́dún 1953, lọ́sàn-án gangan.

Àpótí ìwé méjì ni ọkọ̀ ojú irin já sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún náà. Ìwé Faransé tuntun wà nínú ọ̀kan. Ìwé àtijọ́ ló kún inú èkejì, láti Ẹ́ńdòṣín, ilẹ̀ Éṣíà tí àwọn Faransé ti ń jagun lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ igi àti ewéko ilẹ̀ ibẹ̀ ló wà nínú wọn. Ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ẹ̀yìn wọn. Ta ni yóò rán wọn? Wọ́n ránṣẹ́ pe Múdàṣírù ará Sakété, ẹni tí ń fi awọ ewúrẹ́ di Kùránì. Sùúrù ọkùnrin náà pọ̀ débi pé àwọn ará Sakété ń sọ pé bí eṣinṣin bá bà lé e nímú, yóò kọ́kọ́ kí i.

Ohun kan ń jẹ ẹ́ lọ́kàn. Ṣùáíbù àbúrò rẹ̀ wọṣẹ́ ṣọ́jà, wọ́n sì kó o lọ sí Ẹ́ńdòṣín yẹn gan-an. Ọdún mẹ́ta, kò sí lẹ́tà. Àwọn àgbà ilé ní tó bá di Jímọ̀, àwọn yóò kírun òkú fún un, kí Ràúdátù ìyàwó rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe opó. Ẹnu Múdàṣírù nìkan ni wọ́n ń dúró dè.

"Bàbá Mọ́rúfù," Ràúdátù wí fún Múdàṣírù, "ẹ ò rí òkú, ẹ fẹ́ kírun. Kí lẹ fẹ́ sin, fìlà rẹ̀?"

Múdàṣírù kó abẹ́rẹ́ àti okùn rẹ̀, ó gba Pobè lọ.

Ní Ọjọ́rú, Basile, akọ̀wé tó ń tọ́jú yàrá ìwé náà, fún un ní ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ìwé Faransé tuntun, etí ewé rẹ̀ máa ń pa dé. Ẹ fi ọ̀bẹ là á kí ẹ tó rán an. Ẹ má fi la ìka yín o."

"Ìka aránwèé? Ó ti kú tipẹ́."

Basile lọ sùn. Gbogbo oko ló máa ń sùn lọ́sàn-án. Ọyẹ́ bo àwọn igi ọ̀pẹ bí aṣọ funfun. Kò sí ìró.

Múdàṣírù la ìwé Faransé méjì tán. Ó wá kan ìwé Éṣíà kan. Bébà rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà. Ìkọ̀wé rẹ̀ ń ti òkè bọ̀ sísàlẹ̀ bí òjò. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ti ń ṣí i, bíi Kùránì, inú rẹ̀ sì dùn sí i. Ó wo etí àwọn ewé náà. Gbogbo rẹ̀ ló pa dé.

"Ẹ̀yin náà," ó ní, "kò sẹ́ni tó tíì kà yín." Ó mú ọ̀bẹ.

Ó la èkínní. Òórùn ẹrẹ̀ jáde.

Ó dúró. Ó ti tó oṣù méjì tí òjò ti rọ̀ gbẹ̀yìn. Inú ewé náà funfun báláú, kò sí ìkọ̀wé kankan.

Ó la èkejì. Atẹ́gùn tútù fẹ́ sí i lọ́wọ́.

Ó la ẹ̀kẹta. Ọ̀pọ̀lọ́ ń ké. Lọ́ọ̀ọ́kán, bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́yìn ògiri. Ó yọjú lójú fèrèsé: yanrìn, ọ̀pẹ, ọyẹ́. Ó pa ìwé dé. Kẹ́kẹ́. Ó ṣí i. Ọ̀pọ̀lọ́.

Ó yẹ kó sá. Ṣùgbọ́n ó dà bí ẹni tó ń lálàá, tó mọ̀ pé àlá ni, tí kò sì fẹ́ jí. Ọwọ́ rẹ̀ ń là á lọ.

Ní ewé kẹsàn-án, ẹnì kan ń rìn nínú omi. Ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ó bá ikọ́ ara rẹ̀ sọ̀rọ̀:

"Wọlé, jókòó."

Ọ̀bẹ bọ́ lọ́wọ́ Múdàṣírù. Ní gbogbo ayé, ènìyàn kan ṣoṣo ló ń kí ikọ́ rẹ̀ bí àlejò. Láti kékeré ni Ṣùáíbù ti ń fi í pa ilé lẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, òun àti Ràúdátù jọ wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Pobè. Ó ti ròyìn fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí Basile lọ sùn, Múdàṣírù ṣí ìwé náà. Ràúdátù gbọ́ ikọ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Òun ni. Ewé mélòó ló kù?"

"Méjì."

"Ẹ là á."

Ohùn wọn ló jí Basile. Ó wọlé, ó dọwọ́ lé orí.

"Yé! Ẹ̀gbọ́n! Ìwé Faransé ni mo ní kẹ́ ẹ là! Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ti Éṣíà. Ojú kan ni wọ́n ń tẹ̀, wọ́n á wá ṣẹ́ ẹ po. Inú rẹ̀ kò sí fún ẹnikẹ́ni!"

"Basile, tẹ́tí sí i."

Basile tẹ́tí. Ojú rẹ̀ yí padà.

"Ta ló ṣí omi sílẹ̀?"

"Kò sẹ́ni."

Basile fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró síbẹ̀. 

Múdàṣírù la ọ̀kan nínú ewé méjì náà. Ẹsẹ̀ inú omi sún mọ́ wọn. Ó dúró. Wọ́n ń gbọ́ èémí lódìkejì bébà, bíi ti ẹni tó fi iwájú orí ti ilẹ̀kùn.

"Olówó orí mi," Ràúdátù pè é. "Ṣé ẹ wà láàyè?"

Ọ̀pọ̀lọ́ pàápàá dákẹ́.

"Ẹ rọra là á o," ohùn náà wí. "Omi yìí ń tẹ̀lé mi bọ̀."

Ewé kan ló kù. Ó ti ń wú díẹ̀díẹ̀, bí àyà ẹni tó mí sínú. Múdàṣírù gbé ọ̀bẹ lé e.

Ràúdátù di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó tẹ ẹnu mọ́ bébà, ó sọ ohun kan tí àwọn ọkùnrin méjèèjì kò gbọ́. Lẹ́yìn náà ó gba ọ̀bẹ, ó fi abẹ́rẹ́ lé Múdàṣírù lọ́wọ́.

"Ẹ rán an."

"Ìyàwó..."

"Ẹ rán an. Bó bá wà láàyè, ojú ọ̀nà ni yóò gbà wá. Bí kò bá sí, mi ò tíì gbọ́."

Ó rán an, okùn ìlọ́po mẹ́ta. Gbogbo ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá jáde, ó máa ń tutù.

Ní Jímọ̀, àwọn àgbà jókòó.

"Ó ti tó àkókò," wọ́n ní.

"Kò tíì tó," Múdàṣírù dáhùn.

"Ṣé o gbúròó rẹ̀ ni?"

 "Kò tíì tó," ó tún wí. Wọ́n wò ó títí, wọ́n sì dìde. Wọn kò kírun. Ràúdátù kò ṣe opó.

Basile gbé ìwé náà sí orí pẹpẹ tó ga jù. Òrùlé yàrá yẹn kò jò. Ṣùgbọ́n bí ọyẹ́ bá dé, tí ilẹ̀ Pobè gbẹ tó ń sán, àwọn alángbá máa ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé ní ọ̀sán. Wọ́n á tò sísàlẹ̀ pẹpẹ náà lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbé orí sílẹ̀, wọ́n á sì máa mumi.