Ìgbà Wo Lẹ Sọ Ìkòkò Yẹn Kalẹ̀?

Ní gbogbo ọ̀sán Sátidé, àwa obìnrin márùn-ún ládùúgbò wa máa ń gbé oúnjẹ lọ sí ibùdókọ̀ àtijọ́ kan tí ọkọ̀ kì í wọ̀ mọ́. Àwọn tí kò nílé ló ń sùn síbẹ̀, lórí páálí, lábẹ́ òrùlé tó ń jò. Kò sẹ́ni tó rán wa. Àánú wọn ló ṣe wá.

Ní ọ̀sẹ̀ tí mò ń sọ yìí, iṣẹ́ aṣọ rírán wọ̀ mí lọ́rùn. Àbúrò ọkọ mi obìnrin, ọ̀kan nínú àwa márùn-ún, tí mò ń pè ní Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ nítorí pé ó tẹ́ẹ́rẹ́, ló mú àbá wá.

"Ìyàwó wa, ẹ jẹ́ ká ti sè é lálẹ́ Fúráìdé. Tá a bá dé e pa, tá a fi kúbùsù wé e, á gbóná dọ̀la."

Mo ní ó dáa. A se ìrẹsì àti ẹ̀wà pọ̀, ìkòkò ńlá kan. Ní aago mẹ́jọ alẹ́, a sọ ọ́ kalẹ̀, a dé e, a wé e bí ìkókó. Nígbà tí a tú u lọ́jọ́ kejì, ó ṣì ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Inú wa dùn, àfi bí ẹni pé a ṣẹ̀ṣẹ̀ sè é ni.

Aago méjìlá ọ̀sán la dé ibùdókọ̀. Wọ́n ti tò dè wá. Ìyá ọlọ́mọ kan ló wà níwájú, ọmọ oṣù mẹ́ta lẹ̀ mọ́ ọn lọ́mú. Mo bu tirẹ̀ kún bámúbámú. Ẹni tó tẹ̀ lé e ni bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Alákẹtẹ̀, nítorí akẹtẹ̀ tí kì í kúrò lórí rẹ̀. Kì í sábà sọ̀rọ̀.

Ó bẹjú wo inú ìkòkò. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ sọ ọ́ kalẹ̀?"

Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ fọwọ́ lé ìbàdí. "Ẹ gbọ́ o! Ìwọ tí o ò rílé gbé, ìwọ lò ń bi wá ní aago tá a sọ ìkòkò kalẹ̀? Àbí ọba ni ọ́?"

"Bó bá jẹ́ ọba ni mí, mi ò ní bèèrè. Ẹlòmíì á ti tọ́ ọ wò fún mi."

Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bàbá náà ti yíjú sí ìyá ọlọ́mọ, ó sì gba abọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Obìnrin náà figbe ta. "Bàbá, ẹ fún mi! Láti ọ̀sán àná, omi nìkan ni mo mu! Ọmọ ń fa ọmú, nǹkan kan ò jáde!"

Inú bí èmi náà. "Bàbá, bí ẹ̀yin ò bá jẹ, ẹ jẹ́ kí ẹni tébi ń pa jẹ."

"Ìyáàfin, ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi dáná nílé ìwòsàn kí n tó débi. Ẹ dá mi lóhùn. Ìgbà wo?"

"Aago mẹ́jọ alẹ́ àná."

Ó mi orí. "Wákàtí mẹ́rìndínlógún. Kò gbóná, kò tutù. Ìlọ́wọ́ọ́rọ́ yẹn gan-an ni kòkòrò tí ojú ò rí fẹ́ràn. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pọ̀ sí i."

"A gbóòórùn rẹ̀, kò kan," Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ dá a lóhùn.

"Kì í fìgbà gbogbo kan. Ohun tó léwu níbẹ̀ nìyẹn."

"A lè tún un gbé kaná nígbà yẹn."

"Iná lè pa kòkòrò. Ṣùgbọ́n oró tí wọ́n bá ti tu sínú ìrẹsì kì í bá iná lọ. Ẹni tó bá jẹ ẹ́ lè máa bì, kó máa ya ìgbẹ́ gbuuru. Ẹ̀yin, ẹ ó rí ilé ìyàgbẹ́, ẹ ó rí omi, ẹ ó rí ẹni gbé yín lọ sílé ìwòsàn. Ìyá yìí ńkọ́, lórí páálí? Bí omi ara rẹ̀ bá gbẹ, kí lọmọ á fà?"

Ó wá kọjú sí Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́, ó rọra bi í:

"Ọmọ mi, ṣé ìwọ jẹ níbẹ̀ láàárọ̀ yìí?"

"Èmi kẹ̀? Èmi kì í jẹ oúnjẹ àná."

Bó ṣe sọ ọ́ tán báyìí, ó fọwọ́ bo ẹnu.

Ojú tì mí. Búrẹ́dì àti ẹyin díndín gbígbóná lèmi náà jẹ kí n tó jáde nílé. Nínú àwa márààrún, kò sẹ́ni tó fi ṣíbí kan ìrẹsì yẹn. A kì í ṣe ìkà o. A kàn rò pé ikùn ẹni tí kò nílé yàtọ̀ sí tiwa ni.

Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kọ́kọ́ sáré. Ó sọdá títì lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ra búrẹ́dì àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ìyá ọlọ́mọ ló sì kọ́kọ́ fún. Èmi lọ se ẹyin wá. A da ìrẹsì nù. Ó dùn mí, oúnjẹ ogójì èèyàn! Ṣùgbọ́n ó sàn kí oúnjẹ ṣòfò ju kí èèyàn ṣòfò.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, Alákẹtẹ̀ ti dé ilé mi láàárọ̀, òun ló dúró ti iná. Nígbà tí a dé ibùdókọ̀, Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ jókòó sórí páálí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá ọlọ́mọ, òun ló sì jẹ ṣíbí àkọ́kọ́. Bàbá na abọ́ rẹ̀ síwájú, bí ẹni tí kò mọ nǹkan kan.

"Ìgbà wo lẹ sọ ọ́ kalẹ̀?"

"Bàbá, ẹ̀yin fúnra yín lẹ sọ ọ́! Kò tíì pé wákàtí kan," Ọpẹ́lẹ́ńgẹ́ dá a lóhùn.

"Ó dáa. Bu tèmi kó kún."

Ẹ̀yin tí ẹ ń bọ́ àwọn tí kò nílé, ẹ má ṣíwọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ẹ fẹ́ pín oúnjẹ ni kí ẹ sè é. Ẹ fi ọṣẹ fọwọ́. Bó bá ti kúrò lórí iná, kó dé ọwọ́ ẹni tó máa jẹ ẹ́ láàárín wákàtí méjì. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ sè é sílẹ̀, ẹ tètè pín in sínú abọ́ pẹlẹbẹ kó lè tutù kíá, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ tún un gbé kaná dáadáa lọ́jọ́ kejì. Ẹ má fi kúbùsù wé ìkòkò sùn. Bí àyè àtidáná ò bá sí, búrẹ́dì, ẹyin sísè àti èso tí a fọ̀ kì í ṣe ohun ìtìjú. Bí ẹnì kan bá ń bì tàbí tó ń yàgbẹ́ lẹ́yìn tó jẹun, ẹ má wò ó níran: ẹ máa fún un lómi, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Kí ẹ tó bu ti ẹni àkọ́kọ́, ẹ jókòó, kí ẹ jẹ ṣíbí kan níbẹ̀. Bí ẹnu yín bá kọ̀ ọ́, ẹ gbé ìkòkò yín padà.