Ejò Ṣán Morìnsọ́lá Nínú Igbó Ọ̀bọ

Pupurú ni mò ń rọ lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé wa ní Erinje nígbà tí ọ̀kadà já ọmọ ọmọ mi sílẹ̀. Morìnsọ́lá ni. Àkúrẹ́ ló ti ń ka ìwé. Ilé ìwé wọn gba ọlidé, ó ní òun kò lọ sí ilé wọn ní Èkó, ọ̀dọ̀ mi ni òun ń bọ̀. Ṣé kí n wá jókòó ni? Mo dìde, mo na ọwọ́ tó funfun fún ẹ̀gẹ́ sókè, mo gbé orin:

Ọmọ ọmọ mi dé o, ilé kún,
Àkùkọ ẹ̀yìnkùlé, tètè sá pamọ́,
Omi ọbẹ̀ ti ń hó lórí iná,
Ọmọ ọmọ mi dé o, ilé kún.

"Yèyé, ẹ ò yí padà rárá," ó ń rẹ́rìn-ín.

"Kí n yí padà di kí ni? Di adájọ́?"

Awò kan wà lọ́rùn rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń wo ohun tó bá jìnnà kó lè súnmọ́ ojú. Ó ní àwọn ní ẹgbẹ́ kan ní ilé ìwé, tí wọ́n máa ń fi ẹsẹ̀ rìn wọ inú igbó láti lọ wo ẹranko àti ẹyẹ. Ó fẹ́ rí ọ̀bọ tí ọrùn rẹ̀ funfun, èyí tó ń gbé inú igbó etí odò lẹ́yìn oko ọ̀pẹ wa.

Àlàmú ọmọ mi, àbúrò bàbá rẹ̀, ń nu àdá rẹ̀ lọ́wọ́. Akọpẹ ni. Ó gbé ojú sókè.

"Ẹ óò pa á?"

"Rárá o, Bọ̀dá Àlàmú. A óò wò ó ni."

"Ẹ óò wò ó. Ẹ óò wá fi kí ni jẹun?"

Treasure, ọmọ Àlàmú obìnrin, bú sẹ́rìn-ín.

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọmọbìnrin méjèèjì ṣe ń jáde ní òwúrọ̀. Wọ́n á dé, wọ́n á máa ròyìn. Wọ́n rí àtíòro, ìyẹ́ rẹ̀ ń dún bí ẹní tí èèyàn ń gbọ̀n. Wọ́n rí agbe. Wọ́n rí ìyá ọ̀bọ tó gbé ọmọ mọ́ ikùn. Treasure tó máa ń sọ òkò lu ọ̀bọ tẹ́lẹ̀ wá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ bí ẹni tó wà nínú ìsìn. Inú mi dùn. Ohun kan ṣoṣo ni mo tẹ̀ mọ́ wọn létí: "Ẹ wọ bàtà òjò yín, èyí tó dé orúnkún."

Wọ́n sì ń wọ̀ ọ́. Àfi ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí.

Mo wà níbi tí a ti ń fún epo. Ẹyìn ti jinná, mò ń fi igi rò ó. Mo gbọ́ ohùn Treasure láti ọ̀nà odò.

"Yèyé! Yèyé o! Ejò!"

Igi bọ́ lọ́wọ́ mi.

Ewé gbígbẹ ló fa ọ̀rọ̀. Bàtà òjò ń tẹ ewé, ó ń ró wàràwàrà, àwọn ọ̀bọ sì ń sá lọ. Morìnsọ́lá bá bọ́ bàtà, ó ń fi ẹsẹ̀ lásán yọ́ rìn. Ojú rẹ̀ wà lókè igi. Ohun tó fẹ́ tẹ̀ tó pè ní ewé, paramọ́lẹ̀ ni. Ó ká jọ síbẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ilẹ̀. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e ni ejò ṣán an.

Àlàmú wà lórí ọ̀pẹ nítòsí. Òun ló sọ̀ kalẹ̀, tó gbé ọmọ náà kọ́ èjìká wá. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní níwájú mi. Ojú eyín méjì wà lókè ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀hún ti ń wú, a sì ń rí i bó ṣe ń wú.

Àlàmú bọ́ igbà rẹ̀ lára, okùn tó fi ń gun ọ̀pẹ. "Treasure, bu epo wá! Epo tuntun ni o!"

Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà lábẹ́ ọ̀pẹ bíi tiwa, ẹ mọ ohun tó fẹ́ ṣe. Giri mú ọmọ, epo. Ẹnìkan jẹ májèlé, epo. Igbà náà, kò já rí kó sọ Àlàmú sílẹ̀ láti òkè, ó sì dá a lójú pé bó ṣe ń di òun mú ni yóò ṣe di oró ejò mú, tí kò fi ní gun òkè.

"Bọ̀dá Àlàmú, ẹ má so ó," ni Morìnsọ́lá wí.

"Dákẹ́ ẹnu rẹ."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má so ó. Ẹ má fún mi ní epo."

"Ìwọ ni yóò kọ́ mi? Kí bàbá rẹ tó fẹ́ ìyá rẹ ni èmi àti ejò ti jọ ń pín igi gùn!"

"Bí ẹ bá so ó pinpin, ẹsẹ̀ náà lè kú. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé mi lọ. Wọ́n kọ́ wa."

Treasure dé pẹ̀lú ife epo. Àlàmú gbé e sí ọmọ náà lẹ́nu. Ọmọ náà di eyín pa, epo ṣàn sí i lágbọ̀n. Àlàmú sọ ife nù, ó fi igbà yí iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀ po, ó kù kó fà á.

"Yèyé, ẹ bá mi dì í mú!"

Lọ́dọ̀ wa, ọmọdé kì í bá àgbà jiyàn. Bí ọmọdé bá ń ṣàìsàn tó sì ń jiyàn, a máa ń sọ pé àìsàn ló ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n mo wo ojú Morìnsọ́lá. Kò pariwo. Kò já ara rẹ̀ gbà. Ó kàn ń wò mí.

"Yèyé, ẹ gbà mí gbọ́."

Mo di okùn mú.

"Àlàmú, tú u."

"Yèyé!"

"Mo ní kí o tú u. Orí ọmọ yìí pé ju tèmi tìrẹ lọ lásìkò yìí."

"Bó bá wá kú ńkọ́? Kí ni n ó wí fún ẹ̀gbọ́n mi?"

"Èmi ni n ó dá a lóhùn. Èmi ni mo bí ẹ̀yin méjèèjì."

Ó tú u. "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ sí ilé àdúrà. Kí wọ́n fún un ní omi."

"Èmi náà ń wọ aṣọ funfun. Àdúrà mọ ọ̀nà Òkìtìpupa, yóò bá wa gun ọ̀kadà. Treasure, pe Ọlápàdé ọlọ́kadà!"

Ọmọ tí ejò ṣán ló wá ń sọ ohun tí a óò ṣe. Kí a bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ẹsẹ̀ rẹ̀ kí ó tó há. Kí a má fi abẹ gé ojú ibẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má fi ẹnu fà á. Kí ẹsẹ̀ náà má mira. Àlàmú bẹ́ ọ̀pá imọ̀ ọ̀pẹ méjì, a gbé wọn sí ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fi ìborùn mi wé e. N kò wé e le. Ìka mi ń wọ abẹ́ aṣọ náà.

Ọlápàdé dé. A gbé ọmọ náà sí àárín, mo jókòó lẹ́yìn rẹ̀, mo gbá a mọ́ra.

"Ọlápàdé, yára, ṣùgbọ́n má mì wá."

"Màmá, èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?"

"Ṣe méjèèjì!"

Mo ń gbọ́ àyà ọmọ náà lábẹ́ ọwọ́ mi, ó ń lù kìkìkì. Ó ní wọ́n sọ fún àwọn pé bí àyà bá ṣe ń sáré ni oró náà ṣe ń sáré. Kí ni arúgbó ní láti fi mú àyà rọlẹ̀? Orin. Mo kọ ọ́ sí i létí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́:

Rọra, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, rọra,
Olúwa ti wà níwájú,
Àwa ń bọ̀ lẹ́yìn Rẹ̀,
Rọra, ẹ̀jẹ̀ ọmọ mi, rọra.

A rìn díẹ̀, ó tutọ́. Pupa ni itọ́ náà.

"Yèyé, ìdí eyín mi ń ṣẹ̀jẹ̀."

N kò dá orin dúró. Ohùn mi ń ya, mo ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Omijé mi ń bọ́ sí i lẹ́yìn, mo gbàdúrà kó rò pé òógùn ni.

Treasure ti wá nọ́ńbà ilé ìwòsàn, ó ti pè wọ́n, nítorí náà wọ́n ti ń retí wa. Nọ́ọ̀sì kan tó ń jẹ́ Agatha ló pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà.

"Ṣé ẹ so ó?"

"A ò so ó."

"Ẹ gé e? Ẹ fún un ní nǹkan mu?"

"Epo dé ẹnu rẹ̀, kò gbé e mì."

"Ọlọ́run ṣeun." Ó ti ń ti bẹ́ẹ̀dì lọ kí ó tó sọ ọ́ tán.

Àlàmú dé lórí ọ̀kadà mìíràn. "Nọ́ọ̀sì, ṣé kí n padà lọ pa ejò náà wá kí ẹ lè mọ irú rẹ̀?"

"Kí ó lè bu ẹ̀yin náà jẹ? Ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sọ fún wa."

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sínú ìgò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, wọ́n gbé e kalẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. A ń wò ó. Nígbà tí Agatha tẹ ìgò náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ̀jẹ̀ ṣàn bí ẹmu.

"Kò dì," ó wí. "Oró ti wọ ẹ̀jẹ̀." Wọ́n sáré gbé abẹ́rẹ́ tó ń pa oró ejò, wọ́n fi sínú omi tí wọ́n fà sí i lápá, wọ́n sì dúró tì í.

Àlàmú kò lè dákẹ́. "Nọ́ọ̀sì, kí ló burú nínú okùn mi?"

"Okùn kò mọ oró yàtọ̀ sí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá so ó, ẹ̀jẹ̀ kò ní dé ẹsẹ̀. Mo ti rí ẹni tí oró kò pa, tó jẹ́ okùn ló gba ẹsẹ̀ rẹ̀."

"Epo ńkọ́?"

"Kò sí epo tó ń bá oró jà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó ń bì sì lè fà á sínú ẹ̀dọ̀fóró."

Àlàmú wo igbà tó ṣì wà léjìká rẹ̀. "Ọ̀pẹ nìkan ni n ó máa fi gùn nìyẹn."

"Ẹ máa fi gùn ún dáadáa."

Lẹ́yìn wákàtí mélòó kan, wọ́n tún fa ẹ̀jẹ̀ mìíràn. A tún dúró. N kò lè wo ìgò náà, ojú Agatha ni mò ń wò. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó rẹ́rìn-ín.

"Màmá, ó ti dì."

Mo dìde, ìbàdí mi ti bẹ̀rẹ̀ ijó kí ẹnu mi tó bẹ̀rẹ̀ orin. "Màmá, ilé ìwòsàn nìyí o!" ni Agatha wí. Àwọn aláìsàn ń pàtẹ́wọ́. Morìnsọ́lá la ojú díẹ̀: "Yèyé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó."

Ẹsẹ̀ náà wú fún ìgbà díẹ̀, lẹ́yìn náà ó rọ̀. Kí ọlidé tó parí, ó ti ń rìn, wọ́n sì tún lọ wo ọ̀bọ. Àlàmú ló ṣáájú wọn, ó ń fi ọ̀pá lu ewé.

"Bọ̀dá Àlàmú, ẹ ń lé ọ̀bọ lọ!"

"Kí ọ̀bọ máa lọ! Ejò náà á máa lọ."

Ẹ̀yin òbí ní Àyèká, ní Ìlútítun àti níbi gbogbo, ẹ má fi ejò dẹ́rù ba ọmọ débi tí kò ní mọ igbó bàbá rẹ̀. Igbó wa dùn ún wò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n wọ bàtà gígùn, kí wọ́n má sì bọ́ ọ nítorí ọ̀bọ kankan. Kí wọ́n wo ilẹ̀ kí wọ́n tó wo òkè. Kí wọ́n má ti ọwọ́ bọ ihò, kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan lọ. Ẹ tètè béèrè ilé ìwòsàn tó ní abẹ́rẹ́ oró ejò, kí nọ́ńbà wọn wà lórí fóònù yín.

Bí ejò bá ṣán èèyàn, ẹ kúrò lọ́dọ̀ ejò náà, ẹ má lé e. Kí ẹni tí ejò ṣán má sáré. Ẹ má so ó, ẹ má gé e, ẹ má fún un ní epo tàbí àgbo. Ẹ bọ́ òrùka àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà mira, ẹ fi í lọ́kàn balẹ̀, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kódà bí kò bá dùn ún. Ẹ gbàdúrà, ṣùgbọ́n kí táyà ti máa yí.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fẹ́ jiyàn, ẹ gbé ọmọ náà ná. Ẹ máa jiyàn lójú ọ̀nà.