Èéfín Tí Alhaja Àbẹ̀ní Fi Ránṣẹ́ sí Ẹ̀rìn-Ilé

Bí ọyẹ́ bá ti dé, tí ètè bẹ̀rẹ̀ sí í là, Alhaja Àbẹ̀ní a mú ìgbálẹ̀, a dojú kọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ní Ọ̀fà. Ewé gbígbẹ, ọ̀rá omi, ike tó fọ́, bàtà tí kò ní ìkejì, gbogbo rẹ̀ ni yóò gbá jọ. Ṣùgbọ́n kò ní í tètè ṣáná sí i. Yóò kọ́kọ́ ju ìyẹ́ adìyẹ kan sókè, yóò wo ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbé e lọ. Bí ìyẹ́ bá forí lé ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé, inú rẹ̀ a dùn, a ṣáná, a sì dá orin sílẹ̀:

Èéfín, máa lọ o,
Má yà lọ́dọ̀ mi;
Ọ̀nà Ẹ̀rìn-Ilé gbòòrò,
Ibẹ̀ ni kó o ti sùn.

Ìjà ilẹ̀ ti wà láàárín Ọ̀fà àti Ẹ̀rìn-Ilé, ìlú tó múlé tì í, tipẹ́. Lójú Alhaja, bí Ẹ̀rìn-Ilé bá ń fẹ́ gba nǹkan lọ́wọ́ Ọ̀fà, kí wọ́n máa gba èéfín.

Ohun tó ń bí i nínú ni pé èéfín tiwọn náà ń wá. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, yóò bo ojúlé rẹ̀, Hikmat ọmọ-ọmọ rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Oyin ni Alhaja ń fún un lá. Àmọ́ ní Ọjọ́bọ̀ kan, oyin ò ràn án mọ́. Àyà ọmọ ń fọn bí fèrè, ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, kò lè sọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta kó má dúró mí. Alhaja pọ̀n ọ́n, ó gun ọ̀kadà, ó di ilé ìwòsàn.

Nọ́ọ̀sì Olúwabùnmi fún ọmọ náà ní oògùn tí wọ́n ń fà símú. Nígbà tí àyà rẹ̀ rọlẹ̀ díẹ̀ ni ọkàn Alhaja tó balẹ̀, tó wá rí ẹni tó jókòó tì í lórí bẹ́ǹṣì. Mummy Ọmọ́yẹni ni, tíṣà tó ti fẹ̀yìntì, ará Ẹ̀rìn-Ilé. Òun náà di àyà mú, oògùn kan náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ fà tán.

Ẹnu Alhaja kì í dákẹ́. "Èéfín yín ló fẹ́ pa ọmọ mi," ló wí.

Mummy wò ó látòkè délẹ̀. "Èéfín wa kẹ̀? Tiyín ló gbé èmi débí."

Nọ́ọ̀sì bi wọ́n pé ta ló ń sun ìdọ̀tí nílé wọn.

"Èmi ni," ni Alhaja dáhùn, ó gbórí sókè bí ẹni tó ṣe oore. "Ṣùgbọ́n mo máa ń fi ìyẹ́ adìyẹ wo afẹ́fẹ́. Tí kò bá kọjú sí Ẹ̀rìn-Ilé, n kì í ṣáná."

Ẹ̀rín gbé Mummy, ẹ̀rín pẹ̀lú ikọ́. "Ìyẹ́ adìyẹ! Òwú ni èmi máa ń jù sókè ní tèmi. Tó bá ti forí lé Ọ̀fà, mo ṣáná."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí bírò fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá jókòó sáàárín wọn, ó ṣàlàyé. Ó ní afẹ́fẹ́ tó gbé èéfín lọ láàárọ̀ lè gbé e padà nírọ̀lẹ́. Ó ní ohun tó wà nínú èéfín ọ̀rá àti ike kúnná ju ìyẹ̀fun lọ, inú ẹ̀dọ̀fóró lọ́hùn-ún ló ń wọ̀, ó sì ń bá ẹ̀jẹ̀ lọ sí ọkàn. Ọmọdé, arúgbó àti aláboyún ló kọ́kọ́ ń mú. Ó ní eruku ọyẹ́ pàápàá, láti aṣálẹ̀ ló ti ń bọ̀, kò tọrọ ọ̀nà lọ́wọ́ ìlú kankan, àwọn èèyàn tún wá ń fi èéfín kún un.

Ohùn Alhaja rọlẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ṣe ọmọ mi báyìí?"

"Ẹ jọ ṣe é ni, Alhaja. Ẹ̀yin àti Mummy."

Alhaja wo Hikmat títí, ó mi orí. "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n èéfín ò ní ìbàdí téèyàn fi lè dì í mú."

Láti ọjọ́ náà, kòtò ni Alhaja ń da ewé sí, ó ń bomi rin ín, ó ti di ajílẹ̀ fún ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ọ̀rá àti ike ń lọ síbi tí ìjọba ti ń kó ìdọ̀tí. Mummy náà gbẹ́ kòtò tirẹ̀ ní Ẹ̀rìn-Ilé, ó sì wá bẹ ilé Alhaja wò. Àwọn méjèèjì tún orin náà kọ:

Èéfín ò mọ ààlà,
Kò mọ ọba, kò mọ báálẹ̀;
Èyí mo fi ránṣẹ́ sí ọ
Ló padà wá kí mi nílé.

Ìyẹ́ adìyẹ ńkọ́? Hikmat ló ń fi í rin ìyá àgbà létí báyìí, tó sì ń sá eré kiri ẹ̀yìnkùlé láìdúró mí.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má sun ọ̀rá, ike tàbí táyà, ibi yòówù kí afẹ́fẹ́ kọjú sí. Ẹ bo ewé mọ́lẹ̀. Bí èéfín bá dé, ẹ kó ọmọ wọlé, ẹ ti fèrèsé. Bí àyà ọmọ bá ń fọn, ẹ má dúró ti oyin, ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ kíá. Ẹ sì bá ìlú kejì sọ ọ́, torí afẹ́fẹ́ kan náà la jọ ń mí.