Ìyá Olóbì Kì í Dùbúlẹ̀ Sùn

Tawfiq jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀, ó bá ìyàwó rẹ̀ ṣàwàdà díẹ̀, ó sùn, kò sì jí mọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Kò sí ibà, kò sí orí fífọ́, kò sí ẹni tó gbọ́ kó kérora. Ọkọ̀ tó fi ń kó èrò láti ìkóríta Interchange lọ sí Ìbàdàn ṣì wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tó gbé e sí, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà lábẹ́ ìrọ̀rí. Kí oòrùn tó wọ̀ ni wọ́n ti sin ín bí ẹ̀sìn ti wí, ṣùgbọ́n ìbéèrè tó wà lẹ́nu àwọn aráalé kò bá a wọ ilẹ̀. Kí ló pa á?

Ní Ṣàgámù tiwa, bí èèyàn bá kú láìṣàìsàn, a kì í pẹ́ rí ẹni tó pa á. Ìyá Dámisọ́lá, aránṣọ tó wà lódìkejì ọ̀nà, kò jẹ́ kí àdúà ọjọ́ kẹjọ kọjá kó tó tú u síta. Ó ní ẹni tí kò bímọ wà nínú ilé náà, ó ń rù lójoojúmọ́, kì í sì í sùn lóru, ṣé ó tún dìgbà tí ẹnìkan bá dárúkọ?

Wúlẹ̀mọ̀tù lẹni tó ń bá wí. Gbogbo Sábó mọ̀ ọ́n sí Ìyá Olóbì. Ìyàwó kékeré ló jẹ́ fún bàbá Tawfiq, bàbá náà sì ti kú tipẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni Tawfiq nígbà tí ìyá tó bí i kú, ẹ̀yìn Wúlẹ̀mọ̀tù ni wọ́n sì gbé e sí kó tó dákẹ́ ẹkún. Wúlẹ̀mọ̀tù kò bí ọmọ kankan. Ẹyọ ọmọ kan tó ní láyé ti wà ní ìtẹ́ òkú báyìí, wọ́n sì ń sọ pé òun ló jẹ ẹ́.

Hussainat, ìyàwó Tawfiq, ń ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá. Kò gbọdọ̀ jáde, kò sí ibi tí ì bá wò ju ojú fèrèsé lọ, fèrèsé náà sì dojú kọ yàrá Ìyá Olóbì ní òdìkejì àgbàlá. Ó fi fóònù ọkọ rẹ̀ sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń gba iná sí i lójoojúmọ́ bí ẹni pé ẹnìkan máa tó pè. Kò sẹ́ni tó ń pè. Ṣùgbọ́n ní aago méjì òru, fóònù náà á dún fúnra rẹ̀.

Ìró yẹn kì í ṣe tuntun sí i. Láti nǹkan bí oṣù mẹ́jọ ló ti ń dún, tí Tawfiq á sì fò dìde, á ní òun fẹ́ lọ tọ̀, oorun á tún gbé Hussainat lọ kó tó padà. Tawfiq ti kú, fóònù kò mọ̀. Bó bá ti dún báyìí, Hussainat á dìde jókòó, á yọjú wo yàrá òdìkejì àgbàlá, ohun tó sì ń rí níbẹ̀ ni kò jẹ́ kí oorun kùn ún mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ó pe Ìyá Dámisọ́lá sójú fèrèsé. "Ìyá Dámisọ́lá, ẹ gbà mí o. Aago méjì lọkọ mi máa ń dìde. Aago méjì náà ni mo máa ń rí obìnrin yìí lórí ìjókòó."

"Ó jókòó ṣe kí ni?"

"Ó kàn jókòó ni. Kò kírun, kò jẹun. Á gbé orí sókè, á lanu sílẹ̀. Ẹyẹ kan á wá ké."

"Irú ẹyẹ wo?"

"Mi ò rí i rí. Mò ń gbọ́ ọ ni. Ó ń ké bí ẹni tí omi há sí lọ́fun."

Ìyá Dámisọ́lá wo ẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Àgọ́ ara rẹ̀ lò ń rí lórí ìjókòó yẹn, òun ti bá ẹyẹ lọ. Àwọn àgbà nínú àwọn ẹlẹ́yẹ kì í dùbúlẹ̀. Bí ara bá nà sílẹ̀ gbọọrọ, ẹyẹ ò ní mọ ibi tó máa gbà wọlé mọ́. Tó o bá láyà, wọlé tọ̀ ọ́ lásìkò yẹn. Yọ gbogbo nǹkan tó fẹ̀yìn tì, kó o tẹ́ ẹ sílẹ̀. Má lù ú, má sọ̀rọ̀. Tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni. Kílẹ̀ ó tó mọ́, wàá ti rí ẹ̀san."

Hussainat ní ẹ̀rù ń ba òun. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò létí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó wà nínú yàrá tí wọ́n ń sọ yìí, nítorí kò sẹ́nìkan nínú wọn tó wọlé béèrè. Nígbà ààwẹ̀ èṣí, oúnjẹ bẹ̀rẹ̀ sí í dúró sí Wúlẹ̀mọ̀tù láyà. Iṣu ló kọ́kọ́ há, lẹ́yìn náà ẹ̀bà, nígbà tó yá, ẹ̀kọ mímu gan-an ń padà. Tawfiq gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá kan n'Íbàdàn, wọ́n sì rí jẹjẹrẹ ní ọ̀nà tí oúnjẹ ń gbà lọ sí ikùn. Wọ́n gé ọ̀nà náà kúrò. Wọ́n fa àpòlúkù rẹ̀, ìyẹn àpò oúnjẹ inú ikùn, gòkè wá sínú àyà, wọ́n so ó mọ́ ìyókù ọ̀fun. Oṣù mẹ́ta tí àwọn aráalé rò pé ó wà lọ́dọ̀ àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Ìlọrin, orí bẹ́ẹ̀dì ló wà.

Dókítà ṣàlàyé fún un pé kò sí ohun tó ń pa ẹnu ikùn rẹ̀ dé mọ́. Bó bá dùbúlẹ̀ gbọọrọ, omi kíkan inú ikùn á gòkè, ó sì lè gba ọ̀nà èémí. Kó máa jẹun díẹ̀díẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́fà lóòjọ́, kó má fi nǹkan kan sẹ́nu lẹ́yìn aago méje alẹ́, kó jìnnà sí obì, kó sì máa jókòó sùn. Tawfiq fi búlọ́ọ̀kù méjì gbé ìgbèrí bẹ́ẹ̀dì sókè, ó to ìrọ̀rí mẹ́ta lé ara wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sùn kò lè dára rẹ̀ dúró. Tó bá máa fi di ọ̀gànjọ́, á ti yọ̀ wálẹ̀ láìmọ̀, omi kíkorò á sì kún un lọ́fun. Ìdí nìyẹn tí Tawfiq fi ṣètò aago sínú fóònù.

"Ìyá, ẹ ti yọ̀ wálẹ̀ o," á wí, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, á fà á gòkè. Á gbé abọ́ fún un kó tutọ́ sí, á nu ẹnu rẹ̀, á jókòó tì í títí ọ̀fun rẹ̀ á fi yé jó. Wọ́n á sọ̀rọ̀ táyà, wọ́n á sọ̀rọ̀ àwọn èrò tó ń du ìjókòó iwájú. Wúlẹ̀mọ̀tù fẹ́ràn wákàtí yẹn ju gbogbo ọ̀sán lọ.

Òun ló ní kí Tawfiq má sọ fún ẹnikẹ́ni. "Ọwọ́ mi ni wọ́n ti ń gba ohun tí wọ́n ń fi sẹ́nu. Tí wọ́n bá gbọ́ jẹjẹrẹ, ta ló máa gba obì lọ́wọ́ mi? Ìyàwó rẹ pàápàá, má sọ fún un." Tawfiq ṣèlérí, ó sì mú ìlérí náà ṣẹ títí tó fi kú.

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin ín, ẹ̀rù oorun ń ba Wúlẹ̀mọ̀tù. Á fi ọwọ́ di igi bẹ́ẹ̀dì mú, á máa ṣọ́ ara rẹ̀. Ohun tó wá burú jù ni pé òun náà ń gbọ́ aago yẹn. Láti òdìkejì àgbàlá ló ti ń gbọ́ ọ, lójú fèrèsé Hussainat. Á dún, á dún, á dákẹ́. Á máa retí ẹsẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún ìgbà díẹ̀ kó tó rántí, nígbà náà ni ẹkún á bá omi kíkorò jáde pọ̀.

Ní alẹ́ fídáù ogójì ọjọ́, nígbà tí Ààfáà ti jẹun tán tó sì ti lọ, Bàbá Ọládiméjì, àbúrò ọkọ Wúlẹ̀mọ̀tù tó jẹ́ olórí ilé, ní kí gbogbo aráalé dúró. Ó gbé àwo obì gbànja jáde. Ó mọ ìdí tó fi dúró kí Ààfáà lọ ná.

"A ò ní pe aríran kankan," ó wí. "Obì niṣẹ́ ilé yìí, obì la ó fi búra. Ẹni tí ò bá lọ́wọ́ nínú ikú ọmọ yìí, kó wí bẹ́ẹ̀, kó jẹ awẹ́ kan."

Wọ́n ń jẹ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Hussainat jẹ tirẹ̀ tẹkúntẹkún. Ó kan Wúlẹ̀mọ̀tù, ó mú awẹ́ kan, ó ń yí i lọ́wọ́.

"Mi ò lè jẹ ẹ́."

"Ẹ̀ẹ́tirí?" Bàbá Ọládiméjì bú sí i. "Ìwọ tó ò ń ta obì lọ́gbọ̀n ọdún!"

"Kò bá mi lára mu mọ́."

"Láti ìgbà wo? Ó dáa, má jẹ ẹ́. Fi ẹnu lásán sọ ọ́. Sọ pé o ò lọ́wọ́ níbẹ̀."

Wúlẹ̀mọ̀tù la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà kò jáde. Ojú Tawfiq ló ń rí, bó ṣe máa ń pọ́n ní ìdájí, tí yóò sì tún bọ́ sídìí ọkọ̀. Oṣù mẹ́jọ, ọmọ náà kò sun oorun òru kan gbako nítorí òun. Bí kì í bá ṣe ìyẹn ló pa á, kí ló pa á? Ó gbé awẹ́ obì náà padà sínú àwo.

Ariwo sọ. Ẹnìkan ní ṣé ẹ ti rí i? Bàbá Ọládiméjì dìde. "Lọ́la, ká tó kírun Jímọ̀ tán, kẹ́rù rẹ kúrò ní ulé yìí."

Kò sí ibi tí Wúlẹ̀mọ̀tù fẹ́ lọ. Àwọn òbí rẹ̀ ti kú, kò lẹ́gbọ̀n, kò lábúrò. Ó di aṣọ rẹ̀ sínú báàgì méjì. Ó wo búlọ́ọ̀kù abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń rò ó pé ta ni yóò bá òun gbé e, ibo ni wọn yóò gbé e sí. Ibi ìrònú yẹn ni oorun gbé e lọ, oorun àsùnwọra, àkọ́kọ́ irú rẹ̀ láti ogójì ọjọ́.

Aago méjì dún. Hussainat pa á, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó la àgbàlá kọjá láìwọ bàtà. Ó rò pé ilẹ̀kùn á wà ní títì. Kò sí ní títì. Láti ìgbà tí Tawfiq ti ń wọlé lóru, Wúlẹ̀mọ̀tù kì í tì í.

Obìnrin náà wà lórí ìjókòó lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀, ojú rẹ̀ kò pa dé tán. Hussainat fọwọ́ kàn án, kò mira. Ó ti lọ, ó sọ nínú ara rẹ̀, ó ti bá ẹyẹ lọ. Ó yọ ìrọ̀rí kìíní, ó yọ èkejì, ó yọ ẹ̀kẹta. Ó rí i pé bẹ́ẹ̀dì dagun, ó bá kúkú gbé obìnrin náà. Ó fúyẹ́ bí apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n ti kó obì inú rẹ̀ tán. Ó tẹ́ ẹ sórí ẹní nílẹ̀ gbọọrọ, ó fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń wo òrùlé, ó ń retí ẹyẹ.

Ẹyẹ ké. Kò ké lórí òrùlé. Ọ̀fun obìnrin tó wà nílẹ̀ yẹn ló ti ké.

Omi aláwọ̀ ewé yọ lẹ́nu rẹ̀, ó gba imú jáde. Ojú rẹ̀ là. Ọwọ́ rẹ̀ ń wá igi bẹ́ẹ̀dì kiri nínú afẹ́fẹ́, kò rí i. Hussainat dúró. Wọ́n ti sọ fún un pé kó má sọ̀rọ̀, kó kàn dúró, kílẹ̀ tó mọ́.

"Tawfiq," obìnrin náà wí, ohùn rẹ̀ há. "Tawfiq, mo ti yọ̀ wálẹ̀. Gbé mi."

Kì í ṣe bí ẹni tó ń pe òkú ló ṣe pè é. Bí ẹni tó ń pe ọmọ rẹ̀ ni, ní àsìkò tí ọmọ náà máa ń wá. Aago méjì. Hussainat rántí bí Tawfiq ti ń fò dìde, ó rántí pé òróǹbó wẹ́wẹ́ lọwọ́ rẹ̀ máa ń rùn bó bá fi di ìdájí, bí ẹni tó fọ nǹkan kíkan dànù. Ó sáré, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ apá rẹ̀, ó fà á dìde, ó gbé ẹ̀yìn rẹ̀ ti àyà ara rẹ̀. Aṣọ sún kúrò léjìká, ó sì rí àpá iṣẹ́ abẹ tó gba ẹ̀yìn wá sábẹ́ ọmú. Wúlẹ̀mọ̀tù wú ikọ́ títí wọ́n fi pèrun àsùbá, Hussainat kò sì fi í sílẹ̀.

Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, ó ní, "Ta ló gbé mi sílẹ̀?"

"Èmi ni."

Wúlẹ̀mọ̀tù yí orí wò ó. "Ṣé o fẹ́ kí n kú ni?"

"Mo fẹ́ bẹ́ẹ̀, Ìyá. Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ pa á. Ẹ ò sì búra."

"Oorun rẹ̀ ni mo jẹ. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi jẹ ẹ́. Báwo ni mo ṣe fẹ́ búra?"

"Kò sọ fún mi," Hussainat wí. "Kò sọ nǹkan kan fún mi."

"Èmi ni mo ní kó má sọ. Tún ìrọ̀rí mi tò."

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Bàbá Ọládiméjì bá báàgì méjèèjì lẹ́nu ọ̀nà, ó sì bá Hussainat lórí ọ̀kan nínú wọn. Ẹnu ara rẹ̀ ló fi sọ gbogbo ohun tó ṣe lóru, kò fi nǹkan kan pamọ́. Wúlẹ̀mọ̀tù ṣí àpá náà fún wọn wò. Bàbá Ọládiméjì yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níbẹ̀, ó ní kí wọ́n forí ji òun. Ìyá Dámisọ́lá ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó mọ ohun tó pa Tawfiq di òní, àwọn oníbàárà mélòó kan ní Sábó kò sì gba obì lọ́wọ́ Ìyá Olóbì mọ́, gẹ́lẹ́ bó ṣe bẹ̀rù.

Lálẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ náà, ó jókòó sùn bó ṣe máa ń ṣe. Aago dún lódìkejì àgbàlá. Ó jí, ó ti yọ̀ wálẹ̀, ó kìlọ̀ fún ara rẹ̀ pé kó má retí ẹnikẹ́ni, torí ọmọdébìnrin náà ti ṣe wàhálà tó. Aago dún, ó dún, ó dákẹ́. Ó di igi bẹ́ẹ̀dì mú.

Ìgbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ ní àgbàlá, ẹsẹ̀ tí kò wọ bàtà. Ilẹ̀kùn ṣí.

"Ìyá," Hussainat wí, "ẹ ti yọ̀ wálẹ̀ o."